Kí Ló Wà Lábẹ́ Ilé Wa? Ọ̀rọ̀ Tí A Bá Àwọn Òbí Sọ Lórí Ẹ̀kọ́ Ilẹ̀ àti Òkúta fún Àwọn Ọmọ Lórí Íntánẹ́ẹ̀tì

A mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ti ibi iṣẹ́ òru wá síbí láìtíì fẹ̀yìn kan bẹ́ẹ̀dì. Nítorí náà a ò ní dá yín dúró pẹ́. Ọ̀rọ̀ òkúta la fẹ́ bá yín sọ lónìí. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín.

Ohun tó fà á nìyí. Ìyá kan wá sí ọ́fíìsì wa nítorí lẹ́tà tí káńsù kọ sí i lórí owó ilé. A bá a ka lẹ́tà, a bá a fèsì. Bó ṣe fẹ́ dìde, ó tún jókòó, ó ní nǹkan kan tún ń dun òun, bóyá kò tiẹ̀ tó ohun tí èèyàn ń gbé wá sí ọ́fíìsì. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún méje, wà ní Year 3. Tíṣà ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú òkúta kan wá láti ilé, kó sì sọ irú òkúta tó jẹ́ àti ibi tó ti wá. Agogo mẹ́jọ alẹ́ ni ìyá yìí ti ibi iṣẹ́ dé. Ó tẹ fóònù títí, kò mọ ibi tí ì bá ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó sú u, ó jáde, ó ṣa àfọ́kù kan lẹ́bàá ògiri, ó kó o sínú báàgì ọmọ. Àfé bíríkì ni. Àwọn ọmọ tó kù fi ọmọ náà ṣe yẹ̀yẹ́ ní kíláàsì. Ló bá wálé, ló wo ojú ìyá rẹ̀, ló ní, "Mọ́mì, ẹ ò mọ nǹkan kan."

Ẹ̀yin náà ẹ mọ bí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe ń wọni lára. Èèyàn tó ń ṣiṣẹ́ méjì kí ọmọ lè jẹun, kí ọmọ wá wò ó kó ní kò mọ nǹkan kan. A ò rí nǹkan sọ lọ́jọ́ náà, nítorí àwa náà ò mọ ohun tó yẹ kó mú lọ. Ìdí tá a fi bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí nìyẹn, tá a sì fi ń pe àwọn ọmọ jọ ní Sátidé.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí ilé ẹ̀kọ́ ń bèèrè. Ní England, ètò ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní 2014 ní kí ọmọ Year 3 mọ bí a ṣe ń fi ìrísí àti líle ya òkúta sọ́tọ̀, kó mọ bí ẹranko àtijọ́ ṣe ń di òkúta nínú ilẹ̀, kó sì mọ̀ pé òkúta tó fọ́ àti ewé òun ẹ̀dá tó jẹrà ló para pọ̀ di erùpẹ̀. Kó tó kúrò ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, á tún kọ́ nípa òkè ayọnáyèéfín àti ìmìtìtì ilẹ̀. Scotland àti Wales ní ètò tiwọn, ẹ bi tíṣà ọmọ yín léèrè. Gbogbo ẹ̀kọ́ yìí ló wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Ìṣòro kì í ṣe pé kò sí. Ó ti pọ̀ jù, òbí ò sì mọ èyí tó jẹ́ ojúlówó.

A ṣe àṣìṣe kan ní Sátidé àkọ́kọ́, ó sì yẹ ká jẹ́wọ́ rẹ̀. A kó ọmọ mẹ́fà lọ sí láíbìrì, a ṣí ìkànnì kan tó dára fún wọn, a ní kí wọ́n máa kà á, àwa wá lọ dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan à ń sọ̀rọ̀ àgbà. Kò tó ogún ìṣẹ́jú tá a fi padà dé. Ọ̀kan ń wo bọ́ọ̀lù. Méjì ti bọ́ sínú géèmù. Ọ̀kan ń ka ìpolówó bàtà. Ọ̀kan ti sùn. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló ṣì wà níbi tá a fi í sí, òun náà ní òun ò mọ ibi tí òun máa tẹ̀ láti kúrò níbẹ̀. Ní Sátidé kejì, a pín ara wa: àgbà kan sáàárín ọmọ méjì, ká jọ máa wò ó, ká máa bi wọ́n léèrè. Ìkànnì kan náà ni, kọ̀ǹpútà kan náà ni, ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn àwọn ọmọ ò fẹ́ lọ sílé.

Èyí tó gbádùn mọ́ wọn jù ni ti British Geological Survey, àjọ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1835 láti máa yẹ inú ilẹ̀ Ìlú Ọba wò. Máàpù kan wà lórí ìkànnì wọn tí wọ́n ń pè ní Geology Viewer. Ẹ ò ní san kọ́bọ̀, ẹ ò ní fi orúkọ sílẹ̀. Ẹ tẹ postcode ilé yín sí i, á gbé yín lọ sí àdúgbò yín gan-an, ẹ ó sì rí àwọ̀ oríṣiríṣi lórí ilẹ̀. Ẹ tẹ ibi tí ilé yín wà. Á sọ irú òkúta tàbí erùpẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ fún yín, á sọ bó ṣe pẹ́ tó. Ọmọ tó ti ń tòògbé á jí lójijì. Ilé tiwọn ni wọ́n ń wí yìí.

Ní ọ̀pọ̀ àdúgbò Lọ́ńdọ̀nù, orúkọ tó máa jáde ni London Clay. Amọ̀ ni. Ìsàlẹ̀ òkun ló ti kó jọ ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 50 ọdún sẹ́yìn, nígbà tí òkun bo ibi tá a jókòó sí yìí. Amọ̀ yẹn rọrùn láti gbẹ́, ó sì pọ̀ dáadáa ní àríwá odò Thames, ọ̀kan lára ìdí tí ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ fi pọ̀ lọ́hùn-ún ju ti gúúsù lọ nìyẹn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń dúró de bọ́ọ̀sì nínú òjò ní gúúsù, ẹ ti mọ ẹni tẹ́ ẹ máa bá wí.

Bí ẹ bá ti ra ilé, ẹ tẹ́tí sí èyí. Amọ̀ yìí máa ń wú tó bá mu omi, á sì súnkì tí ọ̀dá bá dá, pàápàá níbi tí gbòǹgbò igi ńlá bá ti ń fa omi inú rẹ̀. Tó bá ti súnkì, ìpìlẹ̀ ilé á rì díẹ̀, ògiri á là. Ọ̀pọ̀ ilé ló rí i nínú ọ̀dá 1976, ó sì tún ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ooru ọdún 2018 àti ti 2022. Tẹ́ ẹ bá rí i tí ògiri là ní ìdágẹ̀rẹ̀ lẹ́bàá fèrèsé tàbí ilẹ̀kùn, tí ibi tó là fẹ̀ ju mílímítà 3 lọ, tó sì fẹ̀ lókè ju ìsàlẹ̀ lọ, ẹ pe ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì yín kẹ́ ẹ tó pe bíríkìlà. Bàbá kan láàárín wa ti fẹ́ fi sìmẹ́ǹtì dí tirẹ̀ pa. Ọmọ rẹ̀ tó ń ka máàpù ló ní, "Dádì, orí amọ̀ la wà o."

Lọ́jọ́ Sátidé kejì yẹn náà, ìyá àgbà kan tó wá mú ọmọ ọmọ rẹ̀ jókòó sẹ́yìn wa, ó ń wò wá. Ìlọrin ni wọ́n bí i sí, ìlú tí ìkòkò amọ̀ rẹ̀ lókìkí, amọ̀kòkò sì ni ìyá tó bí i lọ́mọ. Ọmọ ọmọ rẹ̀ ń ka ibì kan tó ní òkúta kan wà tí omi lè gbà kọjá, òkúta kan sì wà tí omi ò lè gbà kọjá. Kò yé ọmọ náà. Ó ń bi wá, òkúta ni, báwo ni omi ṣe máa gba inú rẹ̀ kọjá? Àwa náà ń lóyì.

Ìyá àgbà ní, "Kí ló ń sọ?" A túmọ̀ rẹ̀ fún wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ṣé ọmọ yìí ò mọ àmù ni? Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé fún un: pé ìkòkò omi máa ń làágùn níta, pé tó o bá fọwọ́ kan ẹ̀yìn rẹ̀ lọ́sàn-án gangan á tutù nini. Ihò tín-ín-tìn-ìn-tín ló wà lára amọ̀ tí iná ti sun. Omi díẹ̀díẹ̀ ń gba ibẹ̀ jáde, atẹ́gùn ń gbé e lọ, bó sì ṣe ń gbẹ lọ ló ń gba ooru kúrò lára omi tó kù nínú ìkòkò. Wọ́n ní amọ̀ tútù kò rí bẹ́ẹ̀, amọ̀ tútù á di omi mú, òun ló fà á tí omi fi ń dúró lórí ilẹ̀ ẹlẹ́rẹ̀. Ọmọ náà ò mú ojú kúrò lójú ìyá àgbà. Ó ya àwòrán àmù sínú ìwé rẹ̀, ó fi ọfà tọ́ka ibi tí omi ń gbà jáde. Tíṣà lẹ àwòrán náà mọ́ ògiri kíláàsì.

Ìyá àgbà yẹn ò mọ kọ̀ǹpútà ṣí. Àwa tá a mọ̀ ọ́n ṣí, a ò rí àlàyé ṣe. Nítorí náà tẹ́ ẹ bá ń sọ pé ẹ ò kàwé púpọ̀, ẹ ò lè ran ọmọ lọ́wọ́, a ò gbà. Òyìnbó tó wà lórí ìkànnì, ọmọ lè kà á fúnra rẹ̀. Ohun tó wà lẹ́nu tiyín ni kò sí níbẹ̀. Ẹ mọ àpáta, ẹ mọ akọ òkúta, ẹ mọ yanrìn, ẹ mọ ilẹ̀dú tí iṣu ń ta sí dáadáa. Ilẹ̀dú yẹn gan-an, òkúta tó ti fọ́ àti ewé tó ti jẹrà, òun ni tíṣà Year 3 ń bèèrè. Ẹ sọ ọ́ ní Yorùbá, kí ọmọ sọ ọ́ padà fún yín ní Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ á gbọ́ èdè méjèèjì lẹ́ẹ̀kan.

Ẹ mú yangí wò. Ooru àti òjò ló ń bá òkúta jà fún àìmọye ọdún, omi á máa fọ ohun tó bá lè yọ́ lọ, á wá ku irin àti aluminium jù nínú rẹ̀. Irin yẹn ló dípáàrà, òun ló sọ ilẹ̀ wa di pupa. Ní 1807, òyìnbó kan tó ń jẹ́ Francis Buchanan kọ nípa irú rẹ̀ tó rí ní Íńdíà. Ó rí i pé wọ́n ń gé e nínú ilẹ̀ nígbà tó ṣì rọ̀, tó bá wá rí atẹ́gùn á le, wọ́n á fi kọ́lé. Ó pè é ní laterite, láti inú ọ̀rọ̀ Látìnì tó túmọ̀ sí bíríkì. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ bíríkì ò tíì tán nílẹ̀. Èyí tí ìyá yẹn mú lọ náà, amọ̀ ni wọ́n sun di bíríkì, ọ̀pọ̀ bíríkì ilé àtijọ́ Lọ́ńdọ̀nù ló sì jẹ́ pé erùpẹ̀ àyíká ìlú náà ni wọ́n fi ṣe é. Òótọ́ ni pé òkúta ti Ọlọ́run dá kọ́, èèyàn ló ṣe é. Ṣùgbọ́n ká ní ọmọ náà lè sọ ìyẹn ní kíláàsì, ta ni ì bá fi í ṣe yẹ̀yẹ́?

Ọ̀rọ̀ ẹfun ló dá ìjà sílẹ̀. BBC Bitesize ní fídíò kéékèèké lórí òkúta, ó dára fún ọmọdé, kò sì sí ìpolówó ọjà lórí rẹ̀ ní Ìlú Ọba. Ọmọbìnrin kan ti ń wo irú fídíò bẹ́ẹ̀, ó sì mọ̀ pé òkúta funfun etí òkun ní Dover jẹ́ ìkarahun àwọn ẹ̀dá òkun tó kéré ju ohun tí ojú lè rí lọ, tó kó jọ sísàlẹ̀ òkun. Ó bi ìyá rẹ̀ ohun tí wọ́n ń pe òkúta funfun ní Yorùbá. Ìyá ní ẹfun. Ọmọ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìkarahun ẹ̀dá òkun ni ẹfun. Bàbá kan ní rárá o, amọ̀ funfun ni ẹfun, òun mọ ibi tí wọ́n ti ń wà á. Ó di ariwo.

A ní kí wọ́n sinmi. A ra fínígà, ohun tí Bíbélì ń pè ní ọtí kíkan. A wá òkúta Dover kan tí ọmọ kan ṣà nígbà tí wọ́n lọ síbẹ̀, a ra ẹfun ní ṣọ́ọ̀bù àwọn èèyàn wa, a mú ṣọ́ọ̀kì ìkọ̀wé, a mú eèpo ẹyin. A ro fínígà sórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ti Dover hó, ó ru ìfófó. Eèpo ẹyin náà ru ìfófó. Ẹfun wa dákẹ́ lọ gbáà. Ṣọ́ọ̀kì náà dákẹ́, nítorí òkúta mìíràn tí wọ́n ń pè ní gypsum ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ nínú wọn báyìí. Ohun tó wà nínú ìkarahun àti nínú eèpo ẹyin ni calcium carbonate. Tí nǹkan kíkan bá kàn án, afẹ́fẹ́ á tú jáde, irú èyí tó ń jẹ́ kí mínírà máa hó nínú ìgò. Amọ̀ ò ní in. Bàbá yẹn ló jàre lórí ẹfun tiwa, ọmọ náà sì jàre lórí ti Dover. Ní Cuba, àwọn tó ń bá ìsìn àwọn baba ńlá wa lọ máa ń lọ eèpo ẹyin fún ẹfun tiwọn, cascarilla ni wọ́n ń pè é. Èyí ní tirẹ̀ á hó.

Ká má tíì kúrò lórí rẹ̀. Àwọn ìyá kan máa ń jẹ irú ẹfun bẹ́ẹ̀ nígbà oyún. Food Standards Agency ti kìlọ̀ pé kí aláboyún àti ẹni tó ń fọ́mọ lọ́mú má jẹ èyí tí wọ́n ń tà lábẹ́ orúkọ calabash chalk, nítorí òjé wà nínú rẹ̀, òjé sì ń ba ọpọlọ ọmọ jẹ́. Tó bá jẹ́ pé ọkàn yín ń fà sí i, ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí yín, kò ní bá yín jà. Àwọn ọmọ náà kò gbọdọ̀ fi ẹnu tọ́ òkúta kankan wò, kí fínígà má sì ta sí wọn lójú.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ irú àdánwò bẹ́ẹ̀ sí i, ìkànnì kan wà tó ń jẹ́ Earthlearningidea. Àwọn olùkọ́ ló ń kọ ọ́ fún àwọn olùkọ́, ṣùgbọ́n òbí náà lè lò ó. Omi, iyanrìn, ike àti ohun ilé ìdáná ni wọ́n sábà máa ń lò.

Lẹ́yìn náà a fi Google Earth, tó jáde ní 2005, gbé àwọn ọmọ lọ sílé. A bẹ̀rẹ̀ lórí òrùlé ilé wọn níbí, a fò kọjá Sàhárà, a bọ́ sí Abẹ́òkúta, sórí Olúmọ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ò tíì dé Nàìjíríà rí. A sọ fún wọn bí àwọn Ẹ̀gbá ṣe sá sábẹ́ àpáta náà nígbà ogun tí wọ́n sì tẹ ìlú náà dó ní 1830, a ní kí wọ́n gbọ́ orúkọ ìlú náà dáadáa, abẹ́ òkúta. Akọ òkúta ni Olúmọ, granite ni wọ́n ń pè é. Jìnnà sísàlẹ̀ ilẹ̀ ló ti jẹ́ ohun yíyọ́ tó gbóná, ó rọra tutù, ìdí nìyẹn tí ẹ fi máa ń rí hóró dídán lára rẹ̀. Òjò àti atẹ́gùn ló wá ha ilẹ̀ orí rẹ̀ kúrò tó fi yọ síta. Irú òkúta bẹ́ẹ̀ tó wà ní Ìdànrè ti tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 600 ọdún. Ọmọkùnrin kan ṣírò rẹ̀, ó ní òkúta ilé bàbá òun fi ìlọ́po méjìlá dàgbà ju amọ̀ ilé àwọn ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó ń rìn bí ọmọ ọba ní gbogbo ọ̀sán ọjọ́ yẹn. Ìgbà tá a dé Ewékorò, tá a sọ fún wọn pé òkúta tí wọ́n ń fi ṣe sìmẹ́ǹtì níbẹ̀ ní ìkarahun òkun nínú láti nǹkan bíi mílíọ̀nù 60 ọdún sẹ́yìn, wọ́n fúnra wọn ló ní ká lọ ro fínígà sí i.

Mílíọ̀nù ọdún yìí ló ń kọ àwọn òbí kan lóminú. Ìyá kan sọ fún wa gbangba pé òun máa ń pa kọ̀ǹpútà tó bá ti débẹ̀, pé kò bá ohun tí wọ́n fi kọ́ òun ní ṣọ́ọ̀ṣì mu. A ò wá síbí láti dá ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ ẹnikẹ́ni. Ohun tá a mọ̀ ni pé tíṣà á bi ọmọ ní ìbéèrè náà, ọmọ sì gbọ́dọ̀ mọ ohun tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ rí tí wọ́n fi sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kó kà á tán, kẹ́ ẹ wá sọ fún un bí ẹ̀yin náà ṣe gbà á. Tẹ́ ẹ bá pa á, á lọ kà á lábẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì, á sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan wà tí a kì í bá ìyá òun sọ.

Ọ̀rọ̀ ìmìtìtì ilẹ̀, ẹ fi sọ́kàn nítorí WhatsApp. Àwọn kan máa ń pín ohùn kiri pé ilẹ̀ máa mì lọ́la, kẹ́ ẹ sùn síta. Ọmọ á gbọ́, kò ní sùn mọ́. Àjọ USGS ti Amẹ́ríkà sọ ọ́ kedere pé kò sí onímọ̀ kankan tó tíì sọ ìmìtìtì ilẹ̀ ńlá tẹ́lẹ̀ rí kó tó ṣẹlẹ̀. Máàpù wọn wà lọ́fẹ̀ẹ́, ó ń fi ibi tí ilẹ̀ ti mì hàn káàkiri ayé, láìpẹ́ lẹ́yìn tó bá ti mì. Ẹ fi han ọmọ, kó rí i pé kò sí ọjọ́ tí ilẹ̀ kì í mì níbì kan, pé ọ̀pọ̀ jù lọ kò pa ẹnikẹ́ni lára. Níbí yìí gan-an, British Geological Survey máa ń rí bíi 200 sí 300 lọ́dún, 20 sí 30 péré lèèyàn ń mọ̀ lára. Èyí tó ṣẹlẹ̀ nítòsí Market Rasen ní 27 February 2008 jẹ́ ìwọ̀n 5.2. Ilé náà ò sì yọ̀ǹda rẹ̀ tán: ní 11 September 2009, ilẹ̀ mì ní gúúsù ìwọ̀ oòrùn Nàìjíríà àti ní Benin, ìwọ̀n 4.4.

Ti òkè ayọnáyèéfín, ẹ ò nílò fídíò púpọ̀. Ẹ sọ ti April 2010 fún wọn, nígbà tí eérú láti òkè kan ní Iceland dá ọkọ̀ òfuurufú dúró ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù fún ọjọ́ mélòó kan. Ẹ mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé lásán fún àwa tá à ń lọ tá à ń bọ̀. Fún ọmọ tó bá fẹ́ràn ojú ọ̀run àti ojú ọjọ́, NASA Space Place wà, ó rọrùn kà, kò sí ìpolówó níbẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ owó. Ẹ má jókòó sílé kẹ́ ẹ máa fi dátà fóònù wo fídíò tí láíbìrì bá wà nítòsí. Ẹ gba káàdì ọmọ, ọ̀fẹ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ bèèrè iye tí wọ́n ń gbà fún ìtẹ̀wé kẹ́ ẹ tó tẹ bébà jáde. Ẹni tó bá ń gba Universal Credit, ẹ bi ilé iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì yín bóyá wọ́n ní social tariff, ẹ̀dínwó ni. Ẹni tí kò bá lè ra dátà rárá, ẹ wá bá wa ká bèèrè fún yín nípa National Databank, tó ń fún aláìní ní dátà lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹ sì ṣọ́ra fún áàpù. A gbé táblẹ́ẹ̀tì ẹgbẹ́ fún ọmọ kan, ó rí áàpù kan tó ní ọ̀fẹ́ lòun, pé òun máa kọ́ ọ nípa òkúta iyebíye. Kò pẹ́ tó fi ní kó tẹ ibì kan kó lè ṣí àpótí. Ọmọ tẹ̀ ẹ́ nígbà mẹ́ta. Owó ẹgbẹ́ ló lọ. A rí i gbà padà lẹ́yìn lẹ́tà oríṣiríṣi, ṣùgbọ́n wàhálà rẹ̀ kò kéré. Ẹ fi páásìwọ́ọ̀dù sórí ohun rírà lórí fóònù yín kẹ́ ẹ tó sùn lónìí, ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n ṣe, kó gbé fóònù rẹ̀ wá síwájú lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn ìkànnì tá a dárúkọ lónìí, kò sí èyí tí ọmọ nílò láti fi orúkọ, ọjọ́ orí tàbí àwòrán rẹ̀ sílẹ̀ kó tó kà á. Èyí tó bá bèèrè rẹ̀, ẹ pa á dé.

Ní Sátidé tó ń bọ̀, aago mọ́kànlá àárọ̀, a tún máa pàdé. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú òkúta kan dání, láti ojú ọ̀nà, láti ọgbà, tàbí èyí tẹ́ ẹ gbé ti ilé bọ̀ nínú báàgì tẹ́ ẹ ti gbàgbé. Kí òbí tàbí ìyá àgbà kan tẹ̀lé e wá, a ò ní gba ọmọ láìsí àgbà. Fínígà wà nílẹ̀. Ìyá tó ni bíríkì náà ní òun ń bọ̀, ó sì ní òun máa mú un dání.